Wọn Ò Fi Iná Mànàmáná Gé Ẹsẹ̀ Màmá Mi

Agbolé Ayégún,
Ìdófin,
Igbó-Ọrà.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, 1978.

Ọmọ́ṣọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Kàdúná? Bàbá Dúpẹ́ ńkọ́, ṣé ara wọn le, ṣé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ yẹn ò wọ̀ wọ́n lọ́rùn jù? Dúpẹ́ ọmọ wa ńkọ́? O ní ó ti ń sọ èdè Gàmbàrí ju Yorùbá lọ. Jọ̀wọ́, máa kọ́ ọ ní ìkíni wa, kí ó má baà dé Igbó-Ọrà lọ́jọ́ kan kí ó dúró gbọnrangandan níwájú àgbà. Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ yín ná. Ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ sì kú ọdún, nítorí bí ẹ kò tilẹ̀ kírun, ẹran Iléyá àwọn ará ilé yín kò ní ṣàì kan ọbẹ̀ yín. Àwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ mi ní Èrúwà ń lọ, àwọn ọmọ kàn kún kíláàsì bí ẹ̀gúsí inú àpò láti ìgbà tí ìjọba ti ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí n tó wálé ọdún. Mo kà á, mo bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú tì mí, nítorí mo rí ibi tí omijé rẹ kán sí tí yíǹkì fi ràn. O ní ẹnìkan láti Tápà ló wá sọ ọ́ fún ìyàwó alágbẹ̀dẹ àdúgbò yín, tí ìyẹn sì sọ ọ́ fún ọ, pé wọ́n gbé màmá mi lọ sí Ìbàdàn, wọ́n so wọ́n mọ́ iná mànàmáná, iná sì gé ẹsẹ̀ wọn méjèèjì láti orúnkún. Ọ̀rọ̀ kì í rìnrìn-àjò kó má sanra. Nu ojú rẹ, ọ̀rẹ́ mi. Màmá wà láàyè, ẹsẹ̀ méjèèjì sì wà nídìí wọn. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ fún wọn, wọ́n ní kí n wádìí orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ náà, àwọn á fi ẹsẹ̀ tí wọ́n gé yẹn lọ bá a ní ọjà Tápà.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ó sì ju ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lọ. Mo ti ń wá ẹni tí mo máa rò ó fún tipẹ́. Fara balẹ̀.

O rántí bí Màmá ṣe máa ń rìn nígbà tí bàbá rẹ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé níbí, tí ilé yín kọjú sí tiwa. Àwọn ló ń ra ẹ̀gúsí kiri gbogbo Ìbàràpá. Bí wọ́n bá ná ọjà Tápà lónìí, wọ́n á wà ní Ayétẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á já sí Ìdèrè. Wọn kì í dúró de mọ́tò, wọ́n á ní mọ́tò ń fi àkókò ṣòfò. Nígbà tí bàbá mi kú, ìrìn yẹn ló gbé wọn ró. Wọn ò jókòó sunkún bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sunkún tiwọn.

O rántí Ìyá Yẹ̀kínì náà, Mùínàt, ìyàwó kékeré bàbá mi. Àwa méjèèjì la jọ yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé, tí a ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tínrín. Kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù wá lọ. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, ó kọ̀, kò lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, ó ní òun á tọ́ Yẹ̀kínì ọmọ òun nílé bàbá rẹ̀. Òun àti Màmá kì í jà. Wọn kì í sì í jẹun nínú ìkòkò kan náà. Láràárọ̀ ni ó ń gbá ẹnu ọ̀nà Màmá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ṣe ń ṣe fún ìyáálé, láràárọ̀ ni Màmá sì ń sọ pé "O ṣeun" láì wo ojú rẹ̀.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Màmá á mu omi, á tún mu ún, wọ́n á sì máa tọ̀ ṣáá. Èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í bo ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí. Ẹran ara wọn ń jò lọ. Mo mú wọn lọ sí ilé ìlera wa, wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni, pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n fún wọn ní oògùn, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n lè jẹ fún wọn. Màmá gbọ́ràn, ó yà mí lẹ́nu. Kò pẹ́, nọ́ọ̀sì ní ṣúgà náà ti ń wálẹ̀. Inú gbogbo wa dùn.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò dùn sí i. Ó ti kọ́kọ́ ń ṣe wọ́n bíi pé èèrùn ń rìn níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ata. Màmá ní ó dà bíi pé ẹnìkan lọ ata rodo, ó fi pa àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn láti inú, níbi tí omi ò lè dé. Bí etí ìró lásán bá kan ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á ké. Wọn ò lè da aṣọ bora títí dé ẹsẹ̀ nínú ọyẹ́. Ohun tó sì rú mi lójú ni pé ẹsẹ̀ tó ń jó wọn tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá tẹ òkúta, wọn kì í mọ̀. Ó ń jó, ó sì kú. Obìnrin tó ń fẹsẹ̀ rìn dé Ayétẹ̀ wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú abọ́ omi tútù.

Ibẹ̀ ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Àìsàn tí dókítà mọ̀, oògùn ti mú un. Èyí tí oògùn ò mú, a jẹ́ pé kì í ṣe àìsàn. Ọwọ́ ènìyàn ni. Ọwọ́ ta wá ni? Ta ló ń gbá ẹnu ọ̀nà wọn láràárọ̀?

Lọ́jọ́ kan tí mo wálé láti Èrúwà, mo bá gbogbo àgbà ilé lọ́ọ̀dẹ̀ Bàbá Àkíbù, àbúrò bàbá mi tó di olórí ilé. Màmá wà lórí àga. Ìyá Yẹ̀kínì wà nílẹ̀.

"Òun ló dè mí lẹ́sẹ̀," ni Màmá wí, wọ́n nàka sí i. "Ó da nǹkan sẹ́nu ọ̀nà mi, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kó tú mi sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi ilé ọkọ mi sílẹ̀ fún mi."

Bàbá Àkíbù kọjú sí Ìyá Yẹ̀kínì. "Mùínàt, o gbọ́ ohun tí ìyáálé rẹ wí?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Mi ò ṣe é."

"Bí ẹni tó ṣe é ṣe máa ń wí nìyẹn," ni obìnrin ilé kan wí láti ẹ̀yìn.

Ọmọ́ṣọlá, mo jẹ́ olùkọ́, mo sì mọ ohun tí wọ́n sọ nílé ìlera. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ bá ń jó níwájú rẹ, tí ìwé tí o kà ò sì pa iná náà, ẹnu rẹ á wúwo. Mo ṣáà ní kí wọ́n ní sùúrù. Ta ló gbọ́?

Ìyá Yẹ̀kínì ló kúnlẹ̀ tó sọ ohun tó tú ìjókòó náà ká. Ó ní, "Bàbá, ilé ìlera ti ní kí ìyáálé mi lọ rí dókítà ní Ìbàdàn nítorí ẹsẹ̀ yìí, wọn ò tíì lọ. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn lọ. Kí dókítà sọ̀rọ̀ níṣojú mi. Bó bá ní ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀, màá kó ẹrù mi, ẹ ò ní rí i pé mo wẹ̀yìn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọmọ mi."

Mo rò pé Màmá á kọ̀. Wọ́n ní, "Kó tẹ̀lé wa. Mo fẹ́ kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ."

Bí àwa mẹ́ta ṣe wọ mọ́tò Ìbàdàn nìyẹn, èmi láàárín. Ọ̀nà Èrúwà sí Ìdó ò tíì dára ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Bí mọ́tò bá ti jìn sí kòtò, Màmá á ké "Yéè!" Bí wọ́n bá sì ti ké, Ìyá Yẹ̀kínì á ká apá mọ́ra bí ẹni tí wọ́n ń bú.

Dókítà Adébùkọ́lá ló gbà wá nílé ìwòsàn ńlá náà, ọkùnrin kan tó ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ìyá tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kí Màmá di ojú. Ó fi òwú kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, ó fi abẹ́rẹ́ kàn án díẹ̀, ó bi wọ́n ibi tó ń kàn. Màmá ní, "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Ìgbà tó ní kí wọ́n lajú ni wọ́n tó rí abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn wọn bàjẹ́, mo rí i.

Wọ́n wá bi í, wọ́n sì kọjú sí Ìyá Yẹ̀kínì nígbà tí wọ́n ń bi í: "Dókítà, ẹ má fi bò fún mi. Ṣé ènìyàn ló ṣe mí báyìí?"

Dókítà ò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó bi wọ́n bóyá rédíò wà nílé. Wọ́n ní ó wà. Ó ní, "Bí eku bá jẹ ara wáyà rẹ̀ ńkọ́?"

"Á máa han. Á kàn máa pariwo ṣáá ni."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ariwo yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Wáyà ló bàjẹ́."

"Ṣúgà ni eku yẹn, Màmá. Kí ẹ tó mọ̀ pé ó wà lára yín ló ti ń jẹ àwọn iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹsẹ̀ yín lọ sí ọpọlọ. Èyí tó gùn jù ló máa ń kọ́kọ́ bá jà, ìyẹn ló ṣe jẹ́ ẹsẹ̀. Oògùn yín ti ń lé eku. Ṣùgbọ́n wáyà tó ti jẹ ṣì ń pariwo. Kò sí ọwọ́ ènìyàn kankan níbẹ̀."

Ìyá Yẹ̀kínì mí kanlẹ̀. Èmi náà rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ronú títí. Wọ́n ní, "Eku tó wí yẹn. Ta ló rán an?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Dókítà ti ní kí a lọ rí ẹnìkan lọ́gbà ilé ìwòsàn kan náà, Ọ̀gbẹ́ni Ògúntóyè. Kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ, kì í sì í fún ènìyàn ní oògùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa na apá àti ẹsẹ̀ tó rọ, kí ó máa tẹ iṣan, kí ó kọ́ aláìsàn ní ìrìn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, ó sì mú ẹ̀rọ tuntun kan bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó gé ènìyàn lẹ́sẹ̀ yẹn kò ju rédíò àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wáyà méjì ló jáde nínú rẹ̀, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ sì wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi nǹkan tútù kan bí ọ̀rá pa rọ́bà náà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, wọ́n á wá máa yí bọ́tìnì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?" ni Màmá bèèrè.

"Iná ni, Màmá. Iná kékeré, ti bátìrì."

Wọ́n ti ń wá bàtà wọn. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ọkùnrin kan gun òpó NẸ́PÀ ní Èrúwà, bí igi ìdáná la ṣe gbé e sọ̀kalẹ̀. Èyí tó ń jó mi ò tó, ẹ tún fẹ́ dáná sí i."

Ògúntóyè ò kánjú. Ó ní iná yìí ò lágbára tó láti pa eṣinṣin. Ó ní bí àwọn ọmọ ilé-ìwé kéékèèké bá rọ́ kún ẹnu géètì, àgbàlagbà tó ń bínú bọ̀ lẹ́yìn wọn ò ní rí ọ̀nà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀lára kékeré tí ẹ̀rọ yìí ń rán lọ ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ ìrora, kí ó má baà dé ọpọlọ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó sì sọ òótọ́ kan tí mo fi bọ̀wọ̀ fún un: ẹ̀rọ náà kò wo àtọ̀gbẹ sàn, kò tún iṣan tó bàjẹ́ ṣe, àwọn kan wà tí kò sì ṣe nǹkan kan fún. Ó ní àwọn náà ṣì ń kọ́ ọ.

Màmá ní àwọn ń lọ sílé.

Ìyá Yẹ̀kínì ni mo rí tó jókòó sórí àga náà, tó ká apá bùbá rẹ̀ sókè. "Ẹ fi sí mi lára ná," ló wí. "Bó bá máa pa ènìyàn, kó pa èmi. Wọ́n kúkú ní èmi ni mo ṣe é."

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lápá, wọ́n yí i. Ó pariwo "Bisimilahi!" ó di ojú. Lẹ́yìn náà ó la ojú kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó ní ó ń ta òun wínníwínní bí ẹlẹ́rìndòdò ṣe ń ta ènìyàn nímú.

Màmá wò ó. O mọ ìyáálé. Kò ní fẹ́ kí ìyàwó kékeré láyà ju òun lọ. "Ẹ tú u lára rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ta ló ni ẹsẹ̀?"

Wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ ìsàlẹ̀ orúnkún wọn, wọ́n lẹ èkejì sókè ọrùn-ẹsẹ̀, níbi tí ìmọ̀lára ṣì wà. Màmá di apá àga mú bí ẹni tó wà lórí ẹṣin. Wọ́n ní ó ti ń rìn àwọn lára. Wọ́n ní kó má yí i mọ́. À ń wò wọ́n. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí ojú lè rí. Ó pẹ́ díẹ̀, mo wá rí i pé etí ìró wọn ti já bọ́ sórí àtàǹpàkò wọn, wọn ò sì ké. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀. Orí wọn ń tẹ̀ síwájú. Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti sùn lọ lórí àga, pẹ̀lú ẹnu ní ṣíṣí, láàárín àwọn àjèjì. Èmi àti Ìyá Yẹ̀kínì wo ara wa.

Nígbà tí wọ́n jí, Ògúntóyè ní àwọn á yá wọn ní ẹ̀rọ náà lọ sílé fún ìgbà díẹ̀, àwọn fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe lára oríṣiríṣi aláìsàn, a ó sì dá a padà kí àwọn mìíràn lè lò ó. Ó ku ẹni tí wọ́n máa kọ́.

"Ẹ kọ́ Hàlímọ̀," ni Màmá wí.

Mo ní, "Màmá, Èrúwà ni mò ń gbé láti ọjọ́ Ajé. Ta ló máa lẹ̀ ẹ́ fún yín?"

Wọ́n wo ògiri. "Kó kọ́ ọ, nígbà náà," ni wọ́n wí, láì dárúkọ. "Ṣùgbọ́n kó fọ ọwọ́ rẹ̀."

Ìyá Yẹ̀kínì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ó kọ́ ọ dáadáa. Pé kí a má gbé e sí ọrùn tàbí àyà, kí a má gbé e sí ojú egbò. Èyí tí Ògúntóyè tẹnu mọ́ jù ni pé kí a máa fi ojú yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò lójoojúmọ́, àárín ìka sí àárín ìka, nítorí ẹsẹ̀ náà ò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ bó bá farapa.

Bí ayé ṣe rí nílé wa fún oṣù mélòó kan nìyẹn. Láàárọ̀, lẹ́yìn gbígbá ẹnu ọ̀nà, àti nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun, Ìyá Yẹ̀kínì á jókòó sílẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ ìyáálé rẹ̀ lé itan. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ̀rọ náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìrora á lọ jókòó síbì kan, á jẹ́ kí wọ́n sinmi kó tó padà. Gbogbo àdúgbò gbọ́ pé iná wà lára Ìyá Hàlímọ̀. Àwọn kan ò bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Màmá gbádùn rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ń ya ìyàkuyà lágboolé, wọ́n á kàn na ọwọ́ sí i, ọmọ á sá.

Nígbà tí oorun padà, agbára padà. Ní ọjọ́ ọjà Tápà kan, Màmá dìde, wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní àwọn ń lọ. Kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró. Wọ́n fẹsẹ̀ lọ, wọ́n ra ẹ̀gúsí, inú wọn dùn bí ti ìyàwó tuntun. Wọn ò mọ̀ pé ìṣó ti yọ nínú bàtà náà.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Yẹ̀kínì gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan, ó yí i sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìdí ọmọńdinrín, ihò kan sì wà níbẹ̀. Yẹ̀kínì àti Àkíbù, ọmọ olórí ilé wa, wà nítòsí, àwọn ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún mi.

Màmá ní, "Fi sílẹ̀, kò dùn mí. Gbé ẹ̀rọ rẹ wá."

"Mi ò ní gbé ẹ̀rọ wá. Ìyáálé mi, pé kò dùn yín gan-an lẹ̀rù fi ń bà mí."

"Ìṣó tó wọ inú bàtà mi," ni Màmá wí, ohùn wọn sì yí padà, "àbí ìwọ lo fi síbẹ̀?"

Àwọn ọmọ náà ní Ìyá Yẹ̀kínì ò gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi. Ẹ ṣáà dìde."

Ó yá ọmọlanke lọ́wọ́ àwọn tó ń ru gàrí, ó gbé wọn lé e, ó tì í fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ìlera. Wọ́n wẹ ojú egbò náà, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n dá wọn dúró. Egbò alátọ̀gbẹ ò dà bí egbò ẹlòmíràn. Ìka náà dúdú, dókítà sì gé e kí ó má baà ràn dé òkè. Mo dé ní òpin ọ̀sẹ̀, mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ní bó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n dúró dè, gbogbo ẹsẹ̀ náà ì bá ti lọ. Òótọ́ tó wà nínú ìròyìn tó dé Kàdúná kò ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe iná. Ìṣó ni, àti ẹsẹ̀ tí kò lè ké.

Ẹ̀rọ náà ti padà sí Ìbàdàn. Ẹlòmíràn ń lò ó báyìí, ẹni tó ń jó bíi tiwọn. A ò lè bínú. Ìrora ti padà. Ní ọjọ́ mìíràn ó rọra, ní ọjọ́ mìíràn ó le koko. Ògúntóyè ní bí òmíràn bá dé, àwọn á ránṣẹ́ pè wá. Mo ń gbàdúrà.

Jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ Iléyá fún ọ. A kírun dé láti yídì, wọ́n ti dá àgbò dúbúlẹ̀, gbogbo ilé wà lọ́ọ̀dẹ̀. Màmá rọra dìde, wọ́n ní kí Bàbá Àkíbù pe gbogbo àwọn tó wà níjókòó ọjọ́ kìíní, títí kan obìnrin tó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n pé, wọ́n ní, "Níbí ni mo ti sọ pé Mùínàt dè mí lẹ́sẹ̀. Kò dè mí. Àìsàn ni. Dókítà sọ fún mi, mi ò gbà, nítorí ó rọrùn fún mi láti bínú sí ènìyàn ju kí n bínú sí ẹ̀jẹ̀ ara mi lọ. Mo purọ́ mọ́ opó bíi tèmi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Mo rò pé Ìyá Yẹ̀kínì á kúnlẹ̀ pé kò sí nǹkan, bí a ṣe ń ṣe níwájú àgbà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. A ń gbọ́ ẹkún rẹ̀. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé kí ni ìtumọ̀ ìyẹn, pé kí ẹnìkan lọ fà á jáde. Màmá dá wọn lẹ́kun.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé e mì."

Wọ́n pín ẹran, Màmá ò lè jẹ. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi ń tẹ̀ sí ọ̀nà Ìdèrè. Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Yẹ̀kínì gbé àpótí kékeré kan jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gbé àpótí náà síwájú Màmá, ó jókòó lé e.

"Ẹ na ẹsẹ̀ yín," ló wí. "Ẹ rìn lọ sí yídì láàárọ̀, mi ò tíì wò ó."

Màmá nà án. Ó gbé e lé itan aṣọ ọdún rẹ̀, ó ń ya ìka sọ́tọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yí i sójú oòrùn. Màmá fẹ́ sọ̀rọ̀. "Mùínàt," ni wọ́n wí.

"Ẹ ṣe jẹ́ẹ́, ìyáálé mi," ni ó dá wọn lóhùn. "Mò ń wò ó lọ́wọ́."

Ọ̀rẹ́ mi, yíǹkì mi ń tán. Bá mi kí Bàbá Dúpẹ́ púpọ̀, kí o sì fi ẹnu kan Dúpẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Bí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ yín bá ń mu omi láìyó tó sì ń tọ̀ ṣáá, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kó tó rí dókítà. Bàbá Àkíbù ń kí ọ. Màmá àti Ìyá Yẹ̀kínì náà ń kí ọ. Mò ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìnkùlé bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń jiyàn lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀ kan ṣoṣo tó wà lórí iná.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́ láti kékeré,

Hàlímọ̀ Búrẹ́mọ̀.